Láti Kálámù Ilé Kéwú Dé Gègé Ẹlẹ́nu Wúrà

Àtàǹpàkò mi ọ̀tún ní àpá búlúù kan tí ọṣẹ kì í tán. Ní Òṣogbo, ìlú aró, ẹni tó bá rí i máa ń rò pé ọmọ agboolé aláró ni mí. Tàdáwà ni. Gègé onítàdáwà ló fà á, èyí tí mo fi owó tó lè ra ewúrẹ́ mẹ́rin rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń dá ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lókè òkun, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń gbẹ́ ère. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí: "Kí ni bírò ṣe tí o fi ń fowó ṣòfò?" Ìtàn ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn, torí ẹni tó bá mọ ibi tí gègé yìí ti ń bọ̀ kò ní pè é ní òfò.

Ilé kéwú ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun tí mo gbé dàgbà, kí n tó mọ A, B, D ni mo ti mọ kálámù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alfa, ló máa ń gbẹ́ ẹ fún wa. Wọ́n á mú pòròpórò ọkà bàbà tó ti gbẹ dáadáa, wọ́n á gé ẹnu rẹ̀ dagun díẹ̀, wọ́n á wá fi ṣóńṣó ọ̀bẹ la àárín rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ fọkàn sí ìlà tín-ín-rín yẹn. Òun ló ń fa tàdáwà wálẹ̀ sórí wàláà. Gègé ẹlẹ́nu wúrà tó wà lọ́wọ́ mi lónìí, irú ìlà bẹ́ẹ̀ náà ló wà láàárín ẹnu rẹ̀. Lọ́wọ́ Lárúbáwá la ti gba orúkọ náà pàápàá: qalam ni wọ́n ń pè é, àwa sọ ọ́ di kálámù, Bíbélì Yorùbá náà sì lò ó nínú Sáàmù 45.

Àléébù kálámù kò ju ẹyọ kan lọ: kò lè gbé oúnjẹ ara rẹ̀ dání. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, o tún ti ń tì í bọ inú ìgò. Ìyẹ́ ẹyẹ tí àwọn òyìnbó fi kọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ní àléébù yẹn, ẹnu irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tẹ̀ jáde ní Birmingham láàárín àwọn ọdún 1820 náà sì ní in.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ìtàn sọ pé ó béèrè fún gègé tó máa gbé tàdáwà sínú ara rẹ̀, Mùsùlùmí ni. Al-Mu'izz ni, kàlífà ìdílé Fatimid, ìdílé ọba Mùsùlùmí kan ní Àríwá Áfíríkà, tó jọba láti 953 sí 975. Ó ní òun fẹ́ kálámù tí kò ní ba ọwọ́ tàbí aṣọ òun jẹ́, tí èèyàn lè dojú rẹ̀ dé kó má jò. Adájọ́ rẹ̀, al-Nu'man, kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníṣẹ́ ọwọ́ kan fi wúrà ṣe é wá. Gègé náà kò sí mọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ. Oníṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣe é, fún ẹnì kan ṣoṣo, lẹ́yìn tó ti gbọ́ ohun tó ń dà á láàmú.

Ní May 25, 1827, Petrache Poenaru, ọmọ Romania tó ń kàwé ní Paris, gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ìjọba Faransé pé òun hùmọ̀ gègé tó ń bọ́ ara rẹ̀. Wàhálà kò tíì tán o. Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí ẹ bá dojú rẹ̀ dé: kì í dà geere. Á gbé mì, á dà gbuu, á tún dúró, torí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé kí epo tó jáde. Bí gègé ìgbà náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Á há, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, á wá dà sórí ìwé.

Lewis Edson Waterman ní New York ló yanjú rẹ̀ ní February 1884. Ó gbẹ́ pòpó kan sára ọ̀pá kékeré tó wà lábẹ́ ẹnu gègé, ó wá la àwọn ìlà wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ pòpó náà. Tàdáwà ń gba inú ìlà sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba òkè pòpó wọlé lọ rọ́pò rẹ̀, kò sí ìjà láàárín wọn. Wọ́n máa ń sọ pé tàdáwà tó dà sórí ìwé àdéhùn kan ló ba òwò rẹ̀ jẹ́ tó fi ṣe é. Ìpolówó ọjà ló jọ lójú tèmi. Ọgbọ́n náà fúnra rẹ̀ ló tó yìn. Títí dòní, inú gègé mi nìyẹn.

Rọ́bà líle ni wọ́n fi ń ṣe ara gègé nígbà náà: oje igi rọ́bà tí wọ́n pò mọ́ ìmí-ọjọ́, tí wọ́n fi iná sè títí tó fi le bí ìwo. Àwa náà mọ oje yẹn. Igi ìrẹ́ inú igbó wa ń mú un wá, débi pé ní 1895 rọ́bà tó gba Èkó jáde ju mílíọ̀nù 5 ìwọ̀n pọ́n-ùn lọ, kí ìkánjú àwọn tó ń kọ igi náà tó pa ọ̀pọ̀ rẹ̀. Rọ́bà líle ni oníṣẹ́ mi ṣì ń lò. Bí mo bá fi aṣọ pa á títí tó fi móoru, òórùn ìmí-ọjọ́ díẹ̀ máa ń ta sí mi nímú.

Lẹ́yìn Waterman, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá gba ọjà: Parker ní Amẹ́ríkà, Montblanc ní Jámánì, Pilot ní Japan. Réluwé dé Òṣogbo ní 1907, àwọn akọ̀wé sì ń bá a wọ̀lú. Bàbá bàbá mi máa ń sọ pé gègé tó yọrí lápò àyà ni wọ́n fi ń dá akọ̀wé mọ̀ nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé.

Bírò ló lé e kúrò lápò. Orúkọ ènìyàn ni bírò: László Bíró, akọ̀ròyìn ará Hungary, tó fi bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ sí ẹnu gègé ní 1938. Nígbà tó di 1950, Marcel Bich ní Faransé ti sọ ọ́ di ohun tí tálákà lè rà. Mi ò bá bírò jà. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló gbà lọ́wọ́ gègé onítàdáwà, ìyẹn sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn oníṣẹ́ kéékèèké.

Wọn kì í ṣe ẹni àná náà. Ní Rajahmundry, ní Íńdíà, K. V. Ratnam fi ọwọ́ ṣe gègé nígbà tí wọ́n ń kọ ọjà òyìnbó sílẹ̀, Gandhi sì kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí i ní 1935. Ní Japan, àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ gègé kan, Platinum, ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó ń jẹ́ Nakaya. Oje igi urushi ni wọ́n ń kùn lé rọ́bà líle, ọ̀dà tó jẹ́ pé ọ̀rinrin ló ń mú un le, kì í ṣe oòrùn. Àwọn mìíràn kò ju ẹnì kan pẹ̀lú ẹ̀rọ kan lọ. Á de ọ̀pá rọ́bà mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí bírí, á fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, á fi ìwé ìfági dán an, láti orí èyí tó rí yanrìn-yanrìn dé orí èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun. Púpọ̀ nínú wọn ń ra ẹnu gègé lọ́dọ̀ Bock, tó wà ní Heidelberg láti 1939, tàbí lọ́dọ̀ JoWo, wọ́n á wá fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe. Àwọn kan ka ìyẹn sí àbùkù. Ta ló ti bi agbẹ́gilére rí bóyá òun ló rọ àáké rẹ̀?

Inú ọyẹ́ ni tèmi dé. Bí mo bá ṣí i sílẹ̀ díẹ̀, tàdáwà á ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá gbé e wọ kẹ̀kẹ́ lọ́sàn-án gangan láìrọ ọ́ kún, ooru á tì í jáde. Mo ti kọ́ ìwà rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun àsárì lọ́jọ́ kan, mo gbé e lọ bá Alfa. Wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀, wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Wọ́n là á," wọ́n ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alfa."

Wọ́n kọ Bísímílà láti ọ̀tún wá sósì, jẹ́jẹ́. Wọ́n wò ó pẹ́. "Ó ń ṣàn dáadáa. Ṣùgbọ́n kò fẹ̀ níbi tó yẹ kó fẹ̀. Roboto ni ẹnu rẹ̀, wọn ò gé e dagun."

Mo kọ̀wé sí oníṣẹ́ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti fèsì pé òun lè pọ́n ọn bẹ́ẹ̀, kí n dá a padà, òun kò ní gbowó. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: àwòrán ọwọ́ Alfa bí wọ́n ṣe ń di kálámù mú, àti ti ẹnu kálámù náà láti ẹ̀gbẹ́. Láti àárọ̀ ni Alfa ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń ṣa pòròpórò, tí wọ́n ń ju èyí tí kò gbẹ tó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.