Last Post: fèrè "ó dàárọ̀" àwọn ológun

Ní 15 November 2024, wọ́n sin Ọ̀gágun Taoreed Lagbaja, ọmọ Ìlobùú ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà, sí ibi ìsìnkú àwọn ológun ní Abuja. Ẹni tó bá ti wo irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀ rí mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á fi àsíá ìlú bo pósí, fìlà iṣẹ́ olóògbé á wà lórí rẹ̀. Àwọn sójà á yìnbọn sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ìbọn tí kò ní ọta nínú. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ibẹ̀ á pa rọ́rọ́, fèrè á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Orin fèrè yẹn ni wọ́n ń pè ní Last Post.

"Post" yẹn ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Kì í ṣe lẹ́tà, kì í sì í ṣe ipò tí olóògbé wà kẹ́yìn. Ojú ìṣọ́ ni, ibi tí wọ́n ní kí sójà dúró sí kó máa ṣọ́ àgọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni àṣà náà ti wá. Láyé àtijọ́, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọ̀gá kan á yí àgọ́ ká láti wò ó bóyá olùṣọ́ kọ̀ọ̀kan wà lójú ìṣọ́ rẹ̀. Bó bá dé ojú ìṣọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á fun fèrè. Bó bá yẹ ti ìkẹyìn wò tán, wọ́n á tún fun òmíràn, kí gbogbo àgọ́ lè mọ̀ pé olùṣọ́ ti pé, kí ẹni tó fẹ́ sùn lọ sùn. Nǹkan bí ọdún 1850 síwájú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fun un létí sàréè.

Lójú tèmi, "ó dàárọ̀" gan-an ni fèrè yìí ń wí. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún ẹni tó ń lọ sùn náà là ń kọ lórin fún òkú tó ń wọlẹ̀.

Fèrè idẹ kékeré ni, kò ní bọ́tìnnì kankan tí ìka lè tẹ̀. Ètè àti èémí afunfèrè ló ń gbé ohùn sókè, tó ń gbé e sílẹ̀, ohùn márùn-ún péré ló sì wà níbẹ̀. Bí ètè rẹ̀ bá gbọ̀n, gbogbo èèyàn ló máa gbọ́ ọ. Àwọn ọdẹ wa máa ń sun ìrèmọ̀jé fún ẹgbẹ́ wọn tó kú, wọ́n á dárúkọ rẹ̀, wọ́n á ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Last Post kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n fun fún ọ̀gágun náà ni wọ́n ń fun fún ọmọ ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ìyẹn sì wú mi lórí púpọ̀.

Bó bá parí, ìdákẹ́jẹ́ ló kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní 15 January lọ́dọọdún, Ọjọ́ Ìrántí àwọn ológun wa, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ náà ni fèrè kejì, èyí tí wọ́n fi ń jí sójà láàárọ̀. Ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì múná. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń wá àga wọn kó tó dún, ó sì máa ń dùn mí. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jókòó. Wọn ò tíì fun ti àárọ̀.