Òkìtì gàrí ní Ọjà Ọba, òkìtì iyanrìn ní aṣálẹ̀

Àwọn ìyá tó ń ta gàrí ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ mọ bí òkìtì iyanrìn aṣálẹ̀ ṣe ń ṣe ju ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò lọ. Bí wọ́n bá ń da gàrí sínú ọpọ́n, á máa ga ṣonṣo. Tó bá yá, ẹ̀kúnwọ́ kan péré tí wọ́n bá tún fi lé e, ẹ̀gbẹ́ kan á ya wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Òkìtì náà lè ga sí i, ó lè fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní dagun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Swakopmund ní Nàmíbíà àti ní Huacachina ní Pérù, níbi tí àwọn àlejò ti ń fi pákó yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkìtì iyanrìn. Iyanrìn gbígbẹ kì í lè dúró ju nǹkan bíi dígírì 34 lọ: ẹsẹ̀ bàtà 3 síwájú, ẹsẹ̀ bàtà 2 sókè. Àwọn tó ń sọ pé òkìtì tó ga jù ló dagun jù ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Òkìtì tí wọ́n ń pè ní Dune 7 nítòsí Walvis Bay ga ju 100 mítà lọ, síbẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò dagun ju ti òkìtì tí kò ga ju ilé alájà kan lọ. Ọ̀nà ni gíga ń fi kún, kì í fi ìdagun kún un.

Afẹ́fẹ́ ni ọwọ́ tó ń da gàrí ibẹ̀. Ó ń gbá iyanrìn gba ìhà tó dojú kọ ọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń tọ pọ́ún pọ́ún bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìhà yìí le, kò sì dagun ju dígírì 10 sí 15 lọ. Bí wọ́n bá gbé pákó síbẹ̀, á kàn jókòó ni. Tí iyanrìn bá dé góńgó, á já sí ìhà kejì, á máa pọ̀ níbẹ̀ títí ó fi máa ya. Ìhà tó ń ya yìí ni pápá eré. Kò sí ẹyọ iyanrìn kan níbẹ̀ tó dì mú dáadáa. Bí pákó ṣe ń lọ, iyanrìn òkè ń bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ìhà tó le tàbí etí góńgó gòkè. Ẹni tó bá gba ìhà tó ń ya, bó ti ń gbé ẹsẹ̀ kan lọ ni ìdajì rẹ̀ ń padà. Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní 600, ṣùgbọ́n òkúta ibẹ̀ kì í yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ohun tó wuyì jù ni pé ojú òkìtì iyanrìn ń padà bọ̀ sípò. Bí oníbàárà bá ti bu gàrí tán, ìyá á fi ọwọ́ tún ojú òkìtì ṣe. Afẹ́fẹ́ òru náà á pa gbogbo ipa pákó rẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Iyanrìn kì í yọ̀ bíi yìnyín, tí omi fẹ́ẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ ń yọ àtẹ̀lẹ̀ pákó. Nítorí náà, fọ́máíkà, irú èyí tí káfíńtà ń lẹ̀ mọ́ ojú tábìlì, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe abẹ́ pákó tí èèyàn ń dúró lé yọ̀ wálẹ̀, wọ́n á sì fi ìda pa á kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Pákó tí wọ́n bá dojú abẹ́ rẹ̀ kọ oòrùn, ìda rẹ̀ á yọ́ dànù.

Ẹni tó dúró gbọ́dọ̀ fi ara ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí imú pákó lè fúyẹ́. Ẹni tó dùbúlẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí pákó á di etí iwájú rẹ̀ mú, á fà á sókè. Eré rẹ̀ lè dé kìlómítà 80 ní wákàtí kan. Bí imú pákó bá rì, pákó á dúró lójijì, ẹni orí rẹ̀ á sì máa lọ. Ìka ẹsẹ̀ ni bíréèkì. Ìgbọ̀nwọ́ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, torí iyanrìn á rin ín bí ẹni rin ẹ̀gẹ́.

Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dáa, torí iyanrìn ọ̀sán ń jó àtẹ́lẹsẹ̀. Bí òjò bá sì rọ̀, ó dọ̀la: iyanrìn tútù á so mọ́ra bíi gàrí tí omi ta sí, á lẹ̀ mọ́ ìda, pákó kò sì ní kúrò lójú kan títí ojú ilẹ̀ á fi gbẹ.