Rọ́bọ́ọ̀tì onífóòmù

Rọ́bọ́ọ̀tì onífóòmù ni rọ́bọ́ọ̀tì kékeré tí àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ máa ń fi fóòmù líle kọ́ ara rẹ̀ dípò irin tàbí pákó. Fóòmù polystyrene, èyí funfun tí wọ́n fi ń di ẹrù ẹlẹgẹ́, fúyẹ́ gan-an nítorí pé afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀: ìwúwo kúbíìkì mítà kan rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín kìlógíráàmù 15 sí 30, nígbà tí ti alumíníọ́mù tó 2,700. Pátákó fóòmù PVC, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, wúwo ju polystyrene lọ, ṣùgbọ́n ó le, ó sì yẹ fún ìsàlẹ̀ tí táyà máa wà.

Ìfúyẹ́ yìí ló ṣe pàtàkì jù. Bí apá rọ́bọ́ọ̀tì bá ṣe gùn, tó sì wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò oníná tó ń gbé e yóò ṣe nílò agbára tó. Mọ́tò ńlá ń fẹ́ bátìrì ńlá, bátìrì náà sì tún ń dá kún ẹrù. Servo SG90, mọ́tò kékeré kan tó ń yí dé ibi tí a bá ní kó yí dé, tí kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 9 lọ, lè gbé nǹkan bíi gíráàmù 1,800 dúró ní sẹ̀ǹtímítà kan sí ojú ibi tó ti ń yí. Bí ẹrù bá sún sí sẹ̀ǹtímítà 10, gíráàmù 180 péré ni ipá rẹ̀ mọ, kò sì yẹ kí a máa lò ó dé ibẹ̀.

Abẹ mímú ni wọ́n fi ń gé fóòmù, díẹ̀díẹ̀, nítorí pé abẹ tó ti kú a máa fà á ya. Wáyà tí iná mú gbóná ń gé polystyrene geere, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kò dára fún ara, ìta gbangba ló sì yẹ iṣẹ́ náà. A kò gbọ́dọ̀ fi iná lésà gé PVC rárá, torí gáàsì hydrogen chloride tó ń jáde lára rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń mú kí ẹ̀rọ dípẹtà.

Súpà gúlù lásán àti acetone, omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, máa ń jẹ polystyrene; gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń lẹ pákó kì í ṣe é ní nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń pẹ́ kó tó gbẹ.

Fóòmù kì í di sikúrù mú. Bí mọ́tò bá ti ń gbọ̀n, ojú ihò á máa fẹ̀ sí i títí sikúrù yóò fi yọ, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lẹ pákó pẹlẹbẹ tàbí ike mọ́ ọn, kí sikúrù lè wọ inú ìyẹn, kí ẹrù sì tàn ká.