Ṣé igi ni ṣáàsì ọkọ̀ Morgan lóòótọ́?

Bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Morgan bá ti délẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó sọ pé igi ni wọ́n fi ṣe ṣáàsì rẹ̀, ìyẹn egungun abẹ́ tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró. Àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀ dáadáa pàápàá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, bẹ́ẹ̀ irọ́ gbáà ni.

H.F.S. Morgan tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, ọmọ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní iléeṣẹ́ rélùwéè Great Western kó tó ṣí gáréèjì tirẹ̀ sí Malvern Link, ní agbègbè Worcestershire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1909 ló parí ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gba ènìyàn kan ṣoṣo, ó sì gbé irú rẹ̀ lọ sí ìpàtẹ ọkọ̀ ní Olympia, Lọ́ńdọ̀nù, ní 1910. Páìpù irin ni egungun ọkọ̀ náà: páìpù kan gba àárín kọjá láti iwájú lọ sẹ́yìn, inú rẹ̀ sì ni ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ẹ̀yìn wà. Nígbà tí wọ́n wá gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jáde ní 1936, èyí tí wọ́n pè ní 4-4, irin náà ni wọ́n tún lò, ọ̀pá irin gígùn méjì tí wọ́n ká bíi lẹ́tà Z, tí àwọn irin ìdábùú sì so pọ̀.

Bọ́dì ni igi wà. Káfíńtà ni yóò kọ́kọ́ fi igi ash ṣe férémù ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ọkọ̀, wọn yóò gbé férémù yìí lé ṣáàsì, kí wọ́n tó fi páànù bò ó. Ní ti ibi tó yí po lókè táyà ẹ̀yìn, pẹlẹbẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra, wọn yóò sì dè é mọ́ ohun èlò tó tẹ̀ kọdọrọ títí yóò fi gbẹ, tí kò sì ní lè nà mọ́. Igi ash yìí kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe èèkù àáké, nítorí pé kì í tètè sán bí nǹkan bá gbá a. Ẹni tó bá rántí bọ́lẹ̀kájà kò ní rí èyí bí ohun àjèjì: ṣáàsì irin ló ti òkè òkun wá, káfíńtà ìlú wa ló kan pákó lé e lórí.

Kì í sì í ṣe Morgan nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ọwọ́ àwọn tó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ti jogún ọnà náà. Ní 1926 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ Pressed Steel sílẹ̀ ní Cowley, nítòsí Oxford, láti máa fi ẹ̀rọ tẹ bọ́dì onírin jáde fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ Morris. Owó ńlá ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gbà, kò sì lè mú èrè wá àfi fún ẹni tó ń ta ọkọ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn kan ń pe bí Morgan kò ṣe fi igi sílẹ̀ ní agídí. Lójú tèmi, ìṣirò owó ni.

Mo fura pé Marcos wà lára ohun tó da ọ̀rọ̀ rú. Jem Marsh àti Frank Costin ló dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ kékeré yìí sílẹ̀ ní 1959, plywood gan-an ni wọ́n sì fi ṣe ṣáàsì àwọn ọkọ̀ wọn ìbẹ̀rẹ̀. Costin ti ṣiṣẹ́ ní de Havilland, àwọn tó fi igi kan ọkọ̀ òfuurufú Mosquito lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì. Ó rọrùn kí ìtàn Marcos lẹ̀ mọ́ Morgan lára.

Ní 2000, Morgan gbé Aero 8 jáde pẹ̀lú ṣáàsì alumíníọ́mù, nígbà tó sì di 2020, wọ́n pa ṣáàsì onírin àtijọ́ tì. Síbẹ̀, igi ash kò kúrò nínú bọ́dì. Ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tó ti pẹ́ yóò yẹ igi ìdí ilẹ̀kùn wò bóyá ó ti jẹrà, ṣùgbọ́n kó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú, nítorí pé ṣáàsì tí wọ́n ní igi ni yìí a máa dógùn-ún.