Bí Ìdánwò Aláwọ̀ Elésè-Àlùkò Ṣe Dé Orí Ewé Wa

Ẹni tó bá wọ yàrá ìwádìí bàyókẹ́míṣírì ní Adó-Èkìtì tàbí ní Ọ̀yẹ́ lè bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi tí wọ́n ti ń kán omi ewé efinrin tàbí ewúro sínú omi mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ elésè-àlùkò. Wọ́n ti sá ewé náà sí ibòòji, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n rẹ ẹ́ sínú methanol, wọ́n sì sẹ́ ẹ. Bí ewé náà bá ní agbára, àwọ̀ elésè-àlùkò yóò máa ṣá díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di àwọ̀ ìyeyè, ẹ̀rọ yóò sì ka bí ó ti ṣá tó.

DPPH ni orúkọ kẹ́míkà aláwọ̀ yìí. Goldschmidt àti Renn ló kọ́kọ́ ṣe é ní Jámánì ní ọdún 1922. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan wà lára rẹ̀ tí kò ní ìkejì. Irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní sùúrù: kíá ni yóò já ohun tó ṣaláìní gbà lára ohunkóhun tó bá wà nítòsí, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń ba sẹ́ẹ̀lì ara jẹ́. DPPH ní tirẹ̀ a máa dúró jẹ́ẹ́ nínú ìgò títí yóò fi pàdé èròjà tó lè fún un ní ohun tó ń wá. Ní 1956, Denham Harman ní Amẹ́ríkà sọ pé àwọn kẹ́míkà aláìníkejì, tí ń jáde bí ara wa ti ń lo ọ́síjìn, wà lára ohun tí ń sọ ara di ògbó. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Marsden Blois fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé a lè fi DPPH wọn agbára antioxidant, ìyẹn èròjà tó lè fún kẹ́míkà aláìníkejì ní ohun tó ń wá, kó má baà ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ mọ́. Ìdánwò náà yá, kò sì gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tó fi tètè rẹ́sẹ̀ walẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ìdánwò kejì tí a fi ń wo agbára oògùn, èyí tó jẹ mọ́ wíwú ara, ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1962, Winter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gún carrageenan, tí a ń rí lára koríko inú òkun, sí àtẹ́lẹsẹ̀ eku, wọ́n sì wọn bí ẹsẹ̀ náà ti wú tó, láti mọ oògùn tó lè dín in kù.

Àwọn baba wa ní Èkìtì kò dúró de èyíkéyìí nínú ìdánwò méjèèjì kí wọ́n tó máa jẹ orógbó fún ikọ́. Ní 1985, Maurice Iwu ní Nsukka kọ̀wé lórí àwọn èròjà inú orógbó tí ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀. Kolaviron ni a ń pe àkójọ àwọn èròjà bẹ́ẹ̀, Olatunde Farombi ní Ìbàdàn sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí rẹ̀.

Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ tí olóògùn kan ń fi ọ̀rọ̀ antioxidant polówó àgbo, bí ẹni pé ìgò tó ṣá ti di ara tó yá. Ohun tí a bá gbé mì ṣì ní láti la inú àti ẹ̀dọ̀ kọjá kó tó dé ibi tí ìpalára wà, DPPH kò sì lè sọ èyí tó máa ṣẹ́kù níbẹ̀. Kolaviron pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti ṣe lára eku, kò tíì di oògùn tí dókítà ń kọ fún aláìsàn.