Ìgbọ́bùkátà ẹ̀kọ́: ohun tí mò ń pe fellowship, àti ìdí tí mi ò fi ní yí i padà

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ yìí lónìí, torí àsìkò fọ́ọ̀mù ti ń dé, àwọn ọmọ wa ní Adó, ní Ọyẹ́, ní Ìkẹ́rẹ́ ti ń kọ lẹ́tà sí yunifásítì òkè òkun, wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn gbé ẹrù másítàs tàbí PhD, ohun tí wọ́n sì ń wá yẹn, tí òyìnbó ń pè ní fellowship, àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ń túmọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀ tó ń ṣi wọ́n lọ́nà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "ìdàpọ̀". Ẹnì kan ṣí díkíṣọ́nárì, ó rí fellowship, ó rí ìdàpọ̀ níwájú rẹ̀, ó gbé e síta bẹ́ẹ̀, kò tiẹ̀ ronú pé ìdàpọ̀ tí ìwé yẹn ń wí ni ìdàpọ̀ Ẹ̀mí Mímọ́ tí a máa ń kà nínú oore-ọ̀fẹ́ kí ìsìn tó túká. Kí ló kan yunifásítì níbẹ̀? Mo ti ka lẹ́tà ọmọ kan tó fi odindi ìpínrọ̀ méjì sọ bí òun ṣe jẹ́ ààrẹ fellowship nínú ọgbà ilé ìwé, bó ṣe ń darí àdúrà òru, tó tún wá fi pásítọ̀ rẹ̀ sára àwọn mẹ́ta tí yóò kọ̀wé jẹ́rìí fún un. Ọmọ tó mọ̀wé ni o! Iṣẹ́ tó ṣe lórí bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá wú u tán dára gan-an, ìlà méjì péré ló fún ìyẹn. Ta ló ṣì í lọ́nà tí kì í bá ṣe ẹni tó kọ́ ọ ní ìdàpọ̀?

Àwọn kan tún ń pè é ní "owó ìrànlọ́wọ́". Èyí rọrùn létí, ìdí nìyẹn tó fi burú. Ẹni tó bá gbọ́ ìrànlọ́wọ́, àánú ló máa lọ tọrọ. Ó máa kọ ọ́ pé bàbá òun ti kú, pé gààrí ni ìyá òun ń tà lọ́jà Ọba, pé òun ni àkọ́bí, òótọ́ sì lè ni gbogbo rẹ̀, mi ò sọ pé kó má sọ ọ́ rárá, ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó tí wọ́n ń ka lẹ́tà yẹn ń wá ohun tí ó fẹ́ ṣe, ohun tó ti ṣe, àti ìdí tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn gan-an ló ti yẹ kó ṣe é. Wọ́n kà á dé ìsàlẹ̀, wọn ò rí i, wọ́n gbé lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́" ńkọ́? Orúkọ yẹn ti ní ohun tó ń jẹ́ ẹ. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni èyí tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà fún, ẹnikẹ́ni kì í bá ẹnikẹ́ni du àyè níbẹ̀. Fellowship, ńṣe ni wọ́n ń ṣa èèyàn.

Àwọn tó ní ká kúkú fi í sílẹ̀ ní "fẹ́lóṣíìpù", mo ní sùúrù fún wọn díẹ̀, èmi náà máa ń pè é bẹ́ẹ̀ tí a bá ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ tí mo bá fẹ́ ṣàlàyé fún ìyá tó fẹ́ mọ ibi tí ọmọ òun ń lọ, fẹ́lóṣíìpù ò sọ nǹkan kan fún un, ilé ìjọsìn náà ni ọkàn rẹ̀ máa lọ.

Ìgbọ́bùkátà ẹ̀kọ́ ni mo yàn. Ẹnì kan gbọ́ bùkátà rẹ, ìyẹn owó ilé ìwé, oúnjẹ, ilé, ìtọ́jú ara, kí o lè dojú kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń sanwó ni agbọ́bùkátà. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ lẹ́kúrà bá mi fà á gidi, wọ́n ní gbígbọ́ bùkátà, ohun tí bàbá ń ṣe fún ọmọ ni, pé ó sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ọmọdé, wọ́n ní "àmì ẹ̀yẹ" ló yẹ. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, àmì ẹ̀yẹ wà fún ohun tí èèyàn ti ṣe parí. Iṣẹ́ tó wà níwájú ni wọ́n ń torí ẹ̀ gbọ́ bùkátà èèyàn, kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tiẹ̀.

Ẹ wo Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà wa. Ẹ̀fọ̀n Aláàyè ni wọ́n bí i sí, Ìsẹ̀ ló ti ń gbẹ́gi fún Arínjálẹ̀, ọba ibẹ̀, kí Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, tó pè é. Láàárín 1910 sí 1914, ààfin Ìkẹ́rẹ́ ló gbé tó ń gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àṣà wa ni pé ẹni tó bá gba oníṣọ̀nà sílé ló ń bọ́ ọ. Ọba gbọ́ bùkátà rẹ̀ kó lè gbájú mọ́ igi. Ilẹ̀kùn yẹn dé ibi ìpàtẹ ní Wembley ní 1924, British Museum ló wà títí di òní, òpó kan nínú wọn sì wà ní Chicago. Ta ló máa sọ pé àánú ni Ògògà ṣe é? Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbẹ́ ní Ìsẹ̀ ni wọ́n rí tí wọ́n fi pè é. Fellowship nìyẹn. Ká ní ọba ní kó kọ́kọ́ máa kọ́ àwọn ọmọ ààfin níṣẹ́ láàárọ̀ kó tó gbẹ́ tiẹ̀, assistantship nìyẹn, tó jẹ́ pé ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yẹn kì í sábà ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀. Ká ní igi nìkan ló fún un, tó ní kó lọ wá oúnjẹ fúnra rẹ̀, a jẹ́ pé owó ilé ìwé nìkan ni wọ́n yọ fún ọ.

Ìyàtọ̀ scholarship àti grant àti bursary, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ẹ̀, àwọn yunifásítì fúnra wọn ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni: bùkátà wo ló gbọ́, èwo ni kò gbọ́? Fulbright, ti ìjọba Amẹ́ríkà, ń san owó ọkọ̀ òfúrufú, ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í san án. Chevening ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, másítàs ọdún kan ni, wọ́n sì fẹ́ kí o padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀. Owó SEVIS, ìyẹn owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà láti fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àlejò sílẹ̀, 350 dọ́là fún físà F-1 ti akẹ́kọ̀ọ́, ìwọ lo máa san án kí o tó dé iwájú àwọn tó ń fúnni ní físà, nígbà tí owó oṣù àkọ́kọ́ ò tíì wọlé. Tí físà F-1 bá sì wà lọ́wọ́ rẹ, wọ́n lè yọ owó orí ìdá 14 nínú 100 lára owó oúnjẹ àti ilé tí fellowship ń fún ọ, wọn kì í yọ nínú ti owó ilé ìwé, Nàìjíríà ò sì ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà tó lè yọ ọ́ nínú ẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ kí inú yín tó dùn jù.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọrọ ẹ̀ náà yàtọ̀ síra. Ti Knight-Hennessy, ètò fellowship kan ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù méjì ni, ọ̀kan fún wọn, ọ̀kan fún ẹ̀ka tí o fẹ́ kàwé, tí ẹ̀ka yẹn ò bá gbà ọ́, Knight-Hennessy ò lè mú ọ, ṣùgbọ́n tí Knight-Hennessy ò bá mú ọ, ẹ̀ka yẹn ṣì lè gbà ọ́. Àmọ́ fún PhD ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé Amẹ́ríkà, kò sí fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ rárá, ẹ̀ka yẹn ló máa ka lẹ́tà rẹ tí wọ́n á fi orúkọ rẹ sílẹ̀ fún fellowship, torí náà lẹ́tà tí o fi wọlé náà lo fi ń tọrọ owó. Oṣù kejìlá ni púpọ̀ nínú wọn ń tì. Ẹni tó bá mọ bí tíráńsíkíríìpù ṣe ń pẹ́ jáde níbí máa ti lọ sanwó ẹ̀ láti oṣù kẹjọ, kó sì ti lọ bá àwọn tó máa kọ̀wé fún un, àwọn tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an, lẹ́kúrà tó bójú tó pọ̀jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọ̀gá tó bá ṣiṣẹ́ ní láàbù.

Tí wọ́n bá wá mú ọ, tí wọ́n ní kí o fèsì kíákíá, fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i pé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fún ní irú owó bẹ́ẹ̀ ní àyè títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin láti yan ibi tó máa lọ. Wo orúkọ ilé ìwé náà bóyá ó wà lára wọn, kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun.