Ilé Adìẹ Ẹ̀yìnkùlé: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Àyè Kí Òròmọdìẹ Tó Wọlé

Òròmọdìẹ ọjọ́ kan kéré débi pé mẹ́jọ á wọ inú páálí bàtà kan, àyè á sì tún ṣẹ́kù. Páálí yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọ́n á ra adìẹ lónìí, wọ́n á ní tó bá dàgbà, a ó wá ibi fi í sí. Kò ní ju oṣù méjì lọ tí àwọn adìẹ náà á ti hu ìyẹ́ tán, tí wọ́n á máa tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn, tí òórùn wọn á sì ti dé fèrèsé aládùúgbò. Ilé ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ ṣírò.

Bí adìẹ ṣe tóbi tó kọ́ ni ìṣirò ọ̀hún dá lé. Adìẹ tó ká ara rẹ̀ jọ láti sùn kò gbà ju àyè abọ́ ọbẹ̀ kan lọ. Ohun tó ń jẹ àyè gan-an ni ìgbẹ́ rẹ̀, ooru ara rẹ̀, àti ìjà tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà.

Ìgbẹ́ ló ṣe pàtàkì jù. Àgbébọ̀ kan máa ń yàgbẹ́ tó nǹkan bí 100 sí 120 gíráàmù lóòjọ́, omi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ti adìẹ mẹ́jọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan lójúmọ́, ìyẹn bíi kílò méje lọ́sẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fẹ̀, ìgbẹ́ yìí á fọ́n ká, èérún pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ á fa omi rẹ̀ mu, ẹsẹ̀ adìẹ á máa tú u, á sì gbẹ. Bí ilẹ̀ bá há, á ṣù jọ, á rọ̀, àwọn kòkòrò tí ojú ò rí á máa sọ ọ́ di ammonia, gáàsì tó máa ń ta ni nímú. Irú ilẹ̀ tútù bẹ́ẹ̀ náà ni àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń pa òròmọdìẹ ti máa ń rí ààyè gbilẹ̀. Ẹni tó dúró gbọnrangandan lẹ́nu ọ̀nà kò ní mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, torí ìsàlẹ̀ ni òórùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdájí, kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún wọn, ni kéèyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó gbé imú sí ibi tí orí adìẹ máa ń wà. Tí ojú bá ta á, yálà adìẹ ti pọ̀ jù, tàbí afẹ́fẹ́ kò tó.

Fún àgbébọ̀ tó ní ọgbà tó ń jáde sí lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú, ẹsẹ̀ bàtà 2 lóòró nínú ilé ló máa ń tó ẹyọ kan. Mẹ́jọ nígbà náà á gba ilé tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Odindi plywood kan nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹni tí ìṣirò bá ń sú, kó tẹ́ plywood kan sẹ́yìn ilé ìdáná, kó jókòó tì í, kó wò ó dáadáa. Ilé alẹ́ nìyẹn o. Adìẹ tí kò ní jáde rárá máa gbà tó ìlọ́po méjì rẹ̀.

Ọgbà ìjẹ̀ ni ti ọ̀sán, ibi tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀, tí wọ́n ti ń yíra nínú eruku, tí wọ́n ti ń yá oòrùn. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú, 5 lóòró fún ẹyọ kan kò burú: ti mẹ́jọ á jẹ́ 8 níbùú, 10 lóòró. Kí a má tan ara wa jẹ, àyè yìí kò lè mú kí koríko wà. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí adìẹ tí wọ́n bá máa ta ẹyin rẹ̀ pé ó ń jẹ̀ káàkiri ní mítà 2 níbùú, mítà 2 lóòró lóde fún ẹyọ kan, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́rin tiwa lọ. Lẹ́yìnkùlé tó kéré, ilẹ̀ pípá ló máa kù láàárín oṣù díẹ̀, tí òjò bá sì dé, ẹrẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí wọ́n pín ọgbà sí méjì, kí apá kan máa sinmi bí èkejì ti ń ṣiṣẹ́. Ibi tí kò bá ṣeé pín, kí wọ́n máa da ewé gbígbẹ àti èérún pákó sí i, kí adìẹ máa tú u.

Ìjà wá ńkọ́? Láwùjọ adìẹ, oníkálukú ló mọ ipò rẹ̀. Ará Norway kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, ló kọ́kọ́ fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣàlàyé rẹ̀ láyé ọdún 1920 sí i: ẹni tó wà lókè á ṣá tìsàlẹ̀ jẹ, tìsàlẹ̀ á yẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ á sì parí. Yíyẹ̀ yìí ló gba àyè. Níbi tí kò bá sí ibi yíyẹ̀ sí, wọ́n á máa ṣá èyí tó kéré jù nídìí títí tí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde, tí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti jáde, gbogbo ilé ló máa dá sí i. Ìdí nìyẹn tí abọ́ oúnjẹ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, kí wọ́n sì jìnnà síra, kí èyí tí wọ́n lé níbí lè rí ọ̀hún jẹ.

Igi tí wọ́n máa bà sùn náà ní ìṣirò tirẹ̀. Íńṣì 8 sí 10 ni ẹyọ kan máa ń gbà. Mẹ́jọ á jẹ́ íńṣì 80 ó pọ̀ jù, ìyẹn kò tó ẹsẹ̀ bàtà 7, igi kan ṣoṣo tó gùn dọ́gba pẹ̀lú ilé wa ti gbà wọ́n tán. Pákó 2 by 3 tí wọ́n fá etí rẹ̀ dára ju irin roboto lọ. Kí wọ́n kàn án mọ́lẹ̀ gírígírí: adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Tí igi bá ju ẹyọ kan lọ, kí gíga wọn dọ́gba, torí gbogbo adìẹ ló fẹ́ sùn sókè jù lọ. Ìtẹ́ ẹyin, méjì ti tó mẹ́jọ, íńṣì 12 níbùú lóòró. Ìsàlẹ̀ igi yẹn ló gbọ́dọ̀ wà. Tó bá ga jù ú lọ, inú ìtẹ́ ni wọ́n á sùn, orí ẹyin ni wọ́n á sì máa yàgbẹ́ sí.

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òwe yẹn dára fún ọmọ ènìyàn, ṣùgbọ́n adìẹ fúnra rẹ̀ kì í làágùn rárá. Ara rẹ̀ máa ń gbóná tó 41°C, ọ̀nà tó fi ń tu ara kò sì ju kó la ẹnu, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ, kó gbé apá kúrò lára kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Èyí tó fara kan ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì kò ráyè gbé apá. Àwòrán ilé adìẹ tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n fi pákó dí yíká, tó dà bí ilé ọmọ lángidi, ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ààrò ni.

Níbí, gígùn ilé gbọ́dọ̀ na láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ògiri kúkúrú méjèèjì ló máa kojú oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, àwọn yẹn ni kí wọ́n dí pa. Èyí tó wà ní ìlà-oòrùn á tún gba ìjì òjò sára, torí ìjì tiwa sábà máa ń ti ọ̀hún bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì kò nílò ju búlọ́ọ̀kù ìlà méjì lọ nísàlẹ̀, kí nẹ́ẹ̀tì gba ìyókù dé òkè. Páànù máa yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà 3 kí òjò má baà fẹ́ wọlé, imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n bá sì tò sórí rẹ̀ á bu ooru kù. Nígbà ọyẹ́, àpò ìrẹsì tí wọ́n so mọ́ nẹ́ẹ̀tì lóru ti tó.

Nẹ́ẹ̀tì olójú ńlá á dá adìẹ dúró, kò ní dá ejò àti eku dúró. Ojú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìlàjì íńṣì lọ nínú ilé tí wọ́n ń sùn. Kí wọ́n ri ẹsẹ̀ nẹ́ẹ̀tì ọgbà mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì bo òkè rẹ̀ nítorí àwòdì àti àṣá. Bíbò yẹn náà ló máa dá adìẹ ìbílẹ̀ dúró, èyí tó fúyẹ́, tí ògiri ẹsẹ̀ bàtà 6 kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Ìjàlọ ló burú jù, torí ó lè dé lóru, adìẹ tó wà ní títì kò sì ní ibi tó máa sá gbà. Níbi tí ìjàlọ bá wà, ilé onípákó tó lẹ́sẹ̀ ni kí wọ́n kọ́ dípò ti búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ agolo tí wọ́n bu ọ́ìlì mọ́tò tó ti gbó sí.

Ó ku ilẹ̀kùn, ohun kékeré tí káfíńtà máa ń ṣe bó ṣe wù ú. Kó fẹ̀ tó èyí tí ènìyàn àti ṣọ́bìrì á jọ gbà kọjá, kó sì máa ṣí síta. Èérún pákó máa ń ga sí i lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ilẹ̀kùn tó bá ń ṣí sínú, tó bá fi máa di oṣù kẹta, kò ní ṣí mọ́.